Ọ̀RỌ̀ ILÉ WA: Ẹ má tíì ju dikódà àtijọ́ nù

Ọ̀rọ̀ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí àpótí kékeré tí wáyà díìṣì wọ̀ lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, èyí tí gbogbo wa ń pè ní dikódà.

Nílé tiwa, ó kù díẹ̀ ká gbé tiwa sọ sí ààtàn. Ta ló tún ń wo díìṣì? Fóònù ni àwọn ọmọ ń wò. Àfi bí a ṣe rí kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan nísàlẹ̀ àpótí aṣọ: Màmá wa ni, ní 1996, tí wọ́n wá kí wa ní London, tí wọ́n ń pa àlọ́ Ìjàpá fáwọn ọmọ. Màmá ti re ibi àgbà ń rè. Ẹ̀rọ fídíò wa náà ti bàjẹ́ tipẹ́. Ọmọ-ọmọ wa ní, "Ṣé ẹ lè jẹ́ kí n gbọ́ ohùn wọn?" A ò rí èsì fún un.

A gbé kásẹ́ẹ̀tì náà lọ fún ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, ó sọ ọ́ di fáìlì, ó kó o sórí fláàṣì. Ibi tí gbogbo ilé máa ti wò ó ló kù. Ibẹ̀ ni dikódà ti wúlò.

Kì í ṣe gbogbo dikódà là ń wí o. Àwọn kan wà, bíi Dreambox tí ilé iṣẹ́ Jámánì ṣe, àti Vu+, tó jẹ́ pé Linux ló wà nínú wọn, èyí tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní Finland ní 1991. Ètò ọ̀fẹ́ wà fún wọn, irú èyí tí ẹgbẹ́ OpenPLi ń ṣe: ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè ṣí i wò, kó tún un ṣe, kó sì fún ẹlòmíì. Ìdí nìyẹn tí àpótí tó ti pẹ́ fi lè wúlò síbẹ̀.

Ẹ ki fláàṣì bọ ihò USB rẹ̀, ẹ mú rìmóòtù, ẹ wá Media Player, ẹ yan fáìlì, ó parí. Kò bèèrè íntánẹ́ẹ̀tì rárá.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra. Èyí tó ti pẹ́ kì í sábà lè ka H.265, tó bá jẹ́ HD, ẹ ní kí wọ́n bá yín ṣe H.264. Fláàṣì FAT32 kì í gba fáìlì kan tó tó 4GB. Tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ètò, èyí tí wọ́n ṣe fún àpótí yín gan-an ni kí ẹ lò. Àwa fi ti àpótí mìíràn sí tiwa, ó kọ̀ kò tan, ọjọ́ méjì la fi tún un ṣe! Ẹ má sì ra èyí tí wọ́n ti kó ìkànnì jíjí sí. Olè ni, òfin Ìlú Ọba ò sì gbà á.

Lọ́jọ́ Àìkú, gbogbo wa jókòó. Màmá ní, "Ààlọ́ o!" Àwọn ọmọ ìgbà yẹn, tí wọ́n ti di òbí báyìí, dáhùn nínú fídíò pé, "Ààlọ̀!" Ọmọ-ọmọ wa náà bá wọn dáhùn.

Ẹ wá kásẹ́ẹ̀tì tiyín jáde, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà méjì. Téépù ò ní dúró dè wá. Ó di ìgbà mìíràn o.