Ta Ni Ó Wà Nídìí Ọmọlángidi?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lóṣù yìí kò ju ọ̀rọ̀ eré inú fíìmù lọ, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó kù kí ó tú ilé kan ká.

Ìyàwó kan ní Àgọ́-Ìwòyè ni ó fi ẹkún tọ̀ mí wá. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti Ìjẹ̀bú-Igbó wá kí wọn, ó sì fi ewùrà se ìkọ́kọrẹ́ aládùn fún àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀. Ọmọkùnrin ilé náà, ọmọ ọdún mẹ́fà, kọ̀, kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Nígbà tí ìyá rẹ̀ bi í léèrè ìdí, ó ní: "N kò jẹ ẹ́. Àjẹ́ ni Màmá Àgbà. Wọ́n jọ ìyá inú fíìmù tí ó di ẹyẹ." Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Màmá gbọ́. Kò dáhùn, ó di ẹrù rẹ̀, ó sì gba ilé lọ. Ọkọ ní ìyàwó òun ni ó kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ni ó jẹ̀bi? Ọmọ kò purọ́. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ó sọ. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un bí wọ́n ti ń ṣe ohun tí ó rí.

Kì í ṣe òní ni ó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ọ̀sọsà, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wa níhìn-ín, ni olóògbé Hubert Ògúndé. Ní ọdún 1979 ni ó gbé fíìmù Aiyé jáde, nínú èyí tí Ọ̀ṣẹ́tùúrá ti bá ẹgbẹ́ àjẹ́ jà. Ní ọdún 1980, Jáiyésinmi tẹ̀ lé e, ó sì tẹ̀síwájú nínú ìjà náà. Ògúndé fúnra rẹ̀ ni ó ṣe Ọ̀ṣẹ́tùúrá nínú méjèèjì. Àgbàlagbà pàápàá wò ó, ẹ̀rù bà wọ́n. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọgbọ́n àtijọ́ tí àwọn oníṣẹ́ fíìmù fi ń sọ ènìyàn di ẹyẹ kò le rárá. Wọn yóò dá ẹ̀rọ ayàwòrán dúró. Òṣèré yóò kúrò ní ìdúró rẹ̀. Wọn yóò gbé ẹyẹ sí ibẹ̀. Ẹ̀rọ yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Ojú òǹwòran kò ní rí àlàfo àárín méjèèjì.

Ní òkè òkun, ọmọlángidi ni àwọn kan fi ń ṣe tiwọn. Ní ọdún 1982, Jim Henson, ará Amẹ́ríkà, àti Frank Oz ṣe fíìmù kan tí ń jẹ́ The Dark Crystal, tí kò sí ojú ènìyàn kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn fi ara pamọ́, wọ́n ń fi ọwọ́ mú ọmọlángidi rìn. Henson kú ní ọdún 1990. Nígbà tí àwọn mìíràn fẹ́ sọ ìtàn tí ó ṣáájú ti fíìmù náà, ní apá mẹ́wàá tí ó jáde ní ọdún 2019, wọ́n kọ́kọ́ dán an wò bóyá kí kọ̀ǹpútà ya díẹ̀ nínú àwọn ẹ̀dá náà. Nígbà tí wọ́n wò ó, wọ́n padà sí ọmọlángidi. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n wá fi pa àwọn tí ń mú ọmọlángidi rẹ́ kúrò nínú àwòrán, wọ́n sì fi fẹ ilẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn wọn.

Bákan náà ni Yoda, arúgbó kékeré elétí gígùn inú àwọn fíìmù Star Wars. Ọmọlángidi ni ní ọdún 1980, ọwọ́ Frank Oz ni ó sì ń darí rẹ̀. Ní ọdún 2002, kọ̀ǹpútà ni ó yà á. Ní ọdún 2017, ó tún padà di ọmọlángidi. Ìdí ni pé ọmọlángidi ní ìwúwo. Ìmọ́lẹ̀ ń bà lé e bí ó ti ń bà lé wa, òṣèré ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń rí ohun tí ó ń bá sọ̀rọ̀.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa náà, ẹyẹ Àkàlà tí ń jí òkú nínú Aníkúlápó, fíìmù tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní ọdún 2022, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni. Ìtàn náà sì tún ní àtẹ̀lé ní ọdún 2024.

Ẹ má sì rò pé àwọn òyìnbó ni ó kọ́ wa ní ọmọlángidi. Ní ilẹ̀ Kétu àti Yewa, àwọn igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan wà tí wọ́n ní ọmọlángidi lórí, tí ẹni tí ó gbé e ń fi okùn fà, tí wọ́n sì ń mira. Ní ọdún 2008 ni àjọ UNESCO kọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ogún aráyé. Nítorí kí ni àwọn baba wa ṣe ń jó o? Láti yẹ́ àwọn ìyá sí ni, pàápàá àwọn ìyá àgbà. Àwọn baba fi ọmọlángidi bọ̀wọ̀ fún ìyá àgbà. Ẹ má jẹ́ kí fíìmù kọ́ ọmọ yín láti máa sá fún un.

Ohun tí mo sọ fún ìyàwó náà ni mo ń sọ fún yín. Èkíní, ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù ní òun nìkan. Ẹ jókòó tì í. Èkejì, bí ẹ̀rù bá bà á, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì fi àjẹ́ dẹ́rù bà á kí ó lè jẹun tàbí kí ó sùn. Ẹ bi í pé: "Ta ni ó wà nídìí rẹ̀? Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é?" Ẹ̀kẹta, ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ kan, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán bọ́tìnnì méjì mọ́ ọn ní ojú, kí ẹ fi àkísà pupa ṣe ahọ́n fún un. Ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, kí ẹ mú un sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bọ́ ọ kúrò lójú ọmọ náà, kí ó rí ọwọ́ yín. Ẹ wá jẹ́ kí òun náà gbìyànjú.

Ìyàwó náà ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, tọkọtaya mú ọmọ lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìyàwó kúnlẹ̀, ó bẹ Màmá. Ọmọ náà ò lè sọ̀rọ̀, ó fi ìbọ̀sẹ̀ bojú, ó sì jẹ́ kí ìbọ̀sẹ̀ sọ pé: "Màmá Àgbà, ẹ má bínú." Màmá wò ó títí, ó gba ìbọ̀sẹ̀ náà, ó ki ọwọ́ tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ó ní: "Ṣé ẹni tí ó wà nídìí èyí yóò jẹ ìkọ́kọrẹ́?"

Wọ́n ní àwo méjì ni ó jẹ.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ẹ̀yin ọmọ mi. Kí Ọlọ́run bá wa wo àwọn ọmọ. Ó di oṣù tí ń bọ̀.