Báńkì Ló Fi Físà Du Ọmọ Wa

Sí Olóòtú,



Ẹni tó kọ̀wé sí yín láti Akúrẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé àwa òbí là ń fi ìwé owó ayédèrú ba orúkọ Nàìjíríà jẹ́ tí àwọn Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì fi ń kọ físà àwọn ọmọ wa, ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mí wọ akínyẹmí ara. Àwọn tó ń yá owó olówó fi sí àkáúǹtì fún ọjọ́ 28 wà, n kò jiyàn. Báńkì ńkọ́? Gbogbo ẹni tó ti tọ́jú owó físà ọmọ sí báńkì rí mọ ohun tí mò ń wí.

Ọmọ mi obìnrin jáde ní yunifásítì FUTA, lẹ́yìn tí ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, lọ́dún 2022 ti fi oṣù mẹ́jọ rẹ̀ ṣòfò. Yunifásítì kan nílùú Ọba gbà á fún másítà lọ́dún 2025. Ẹ mọ ìṣirò físà wọn lọ́dún náà: £1,136 lóṣù fún ẹni tí kò ní í gbé Lọ́ńdọ̀nù, oṣù mẹ́sàn-án, yàtọ̀ sí ìyókù owó ilé-ìwé. Pọ́n-ùn kan ti ju 2,000 náírà lọ nígbà náà. A ta ilẹ̀ ìdílé wa ní Ondó, ìyá rẹ̀ kó owó ọjà rẹ̀ lé e, àbúrò mi fi owó kòkó kún un. Owó pé sí àkáúǹtì ìyá rẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ 28 tó gbọ́dọ̀ lò níbẹ̀.

Ó ku díẹ̀ kọ́jọ́ pé, lóru ọjọ́ kan, alẹ́ẹ̀tì wọlé sórí fóònù ìyá rẹ̀. Báńkì ti yọ owó ńlá, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan káàdì. Kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, a ti dúró síwájú báńkì wọn ní Akúrẹ́. Ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ní, "Ẹ má bínú, Dádì, nẹ́tíwọ̀kì ni. Ó máa padà fúnra ẹ̀." Ó padà lóòótọ́, lọ́jọ́ kẹta. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tẹ sitétímẹ́ǹtì jáde, àgẹ́ǹtì tó ń bá wa ṣe físà fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ibi tí owó ti wálẹ̀, ó sì mirí. Òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni pé owó náà kò gbọdọ̀ wálẹ̀, kódà fún ọjọ́ kan péré. Bí a bá sì tún ọjọ́ 28 kà láti ìbẹ̀rẹ̀, ilé-ìwé á ti wọlé tán.

A bẹ máníjà kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé báńkì ló ṣe é. Ó ní òun ò láṣẹ, olú-iléeṣẹ́ wọn ní Èkó ló ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ìwé tí Èkó fi ránṣẹ́ kò sọ ju pé oníbàárà wọn ni ìyá rẹ̀. Òun náà la fi kún ìwé físà rẹ̀. Wọ́n kọ físà. Owó ìlera, £776 fún ọdún kan, wọ́n dá ìyẹn padà. £524 owó físà wọgbó. Báńkì ò san kọ́bọ̀.

Àwọn ọmọ wa ní Yunifásítì Teesside nílùú Ọba lọ́dún 2024 ńkọ́? Náírà já, wọn ò rí owó ilé-ìwé san lásìkò, ilé-ìwé yọ wọ́n, wọ́n ní kí wọ́n kúrò nílùú. Ṣé ìwé ayédèrú làwọn yẹn náà gbé lọ?

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ Èkó tí máníjà fi ṣàwáwí yìí. Akúrẹ́ ti ń ṣe olú-ìlú ìpínlẹ̀ láti ọdún 1976, síbẹ̀ Èkó tàbí Àbújá lọmọ Ondó ti ń lọ tẹ̀ka fún físà àti ṣàyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, lójú ọ̀nà tí à ń fàdúrà gbà nítorí ajínigbé. Ìyà wo nìyẹn?

Kí CBN, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, ṣòfin pé báńkì tó bá fọwọ́ kan owó físà akẹ́kọ̀ọ́ yóò san owó físà náà àti owó ilé-ìwé ọdún kan. Máníjà tó bá kọ̀ láti kọ̀wé ẹ̀rí, kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí Àbújá sì sọ fún Gẹ̀ẹ́sì pé bí wọn ò bá ní í dá owó físà tí wọ́n kọ̀ padà, àwa náà ò ní í fún ọmọ wọn kankan ní físà mọ́.

Ẹ̀yin òbí tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ má dákẹ́. Ẹ kọ̀wé sí CBN, kí ẹ sì kọ orúkọ báńkì yín sí i gàdàgbà.

Èmi ni,
Bàbá akẹ́kọ̀ọ́, ìlú Ondó.