Èébú "Ọmọ Ẹrú" Lẹ́nu Àwọn Ọmọ Ilé-Ìwé

Bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá bá pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní "ọmọ ẹrú" ní àgbàlá kọ́lẹ́ẹ̀jì, kì í ṣe inú ìwé ni ó ti kà á. Ẹnu àgbà ni ó ti gbọ́ ọ, lọ́jọ́ tí ẹbí ń jiyàn lórí ilẹ̀ tàbí lórí oyè. Kò mọ ìtàn tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí ó mọ̀ ni pé ó ń dunni. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, èébú náà ti di orúkọ, ó ti dé orí WhatsApp, níbi tí kò sí agogo tí ń lù pé ẹ̀kọ́ ti parí.

Ìtàn náà ni ó yẹ kí àwọn ọmọ gbọ́. Ní 1886, ogun Dàhómì lábẹ́ ọba Glele fọ́ Kétu. Ìlú di ahoro, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ará ìlú lọ sí Abomey ní ìgbèkùn. Ìgbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Behanzin ni àwọn tí ó ṣẹ́kù tó padà wálé, ní nǹkan bí 1893 sí 1894, tí wọ́n tún ìlú kọ́, tí Alákétu sì tún gorí oyè. Ilé wo wá ni ó kù ní Kétu tí ó lè sọ̀yà pé ìgbèkùn kò kan ìdílé òun? Sábẹ̀ẹ́ náà jìyà lọ́wọ́ ogun Dàhómì. Ní Àjàṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn Àgùdà tí ń fi orúkọ Potogí yangàn lónìí, àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n tà sí Brazil ni wọ́n. Ẹni tí ń fi ẹrú bú ọmọ ẹlòmíràn, bàbá ńlá ara rẹ̀ ni ó ṣeé ṣe kí ó máa bú.

Ọmọ tí wọ́n ń fi ṣẹ̀sín kì í sábà sọ ọ́ nílé. Orí á máa fọ́ ọ láràárọ̀ ọjọ́ Ajé. Kò ní nawọ́ mọ́ ní kíláàsì bí ó tilẹ̀ mọ ìdáhùn. Ìyá á ní ìbà ni, bàbá á ní ọ̀lẹ ni. Bí ó bá sì ṣàròyé, wọ́n á bi í pé ṣé kò lẹ́nu ni. Bẹ́ẹ̀ ẹni tí ń yọ ọ́ lẹ́nu kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ìpáǹle. Nígbà mìíràn, ọmọ tí gbogbo ẹgbẹ́ ń wárí fún ni, ọmọ olóyè tàbí ọmọ ẹni tí ń fowó ránṣẹ́ láti òkè òkun. Àwọn tí ń bá a rẹ́rìn-ín ń bẹ̀rù kí ó má kan àwọn náà.

Ìwà yìí kì í ṣe tuntun. Láyé àwọn Faransé, ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ ní ilé-ìwé ni wọ́n ń gbé signal kọ́ lọ́rùn. Kò ní bọ́ lọ́rùn rẹ̀ àfi bí ó bá mú ọmọ mìíràn tí ó ṣe ohun kan náà. Báyìí ni olùkọ́ ṣe sọ ọmọdé di ọdẹ tí ń dọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Àwọn kan á ní àṣà ni yẹ̀yẹ́, ṣebí Ẹ̀fẹ̀ náà ń bú ènìyàn. Ọ̀tọ̀ ni Ẹ̀fẹ̀. Gbangba ọjà ni ó ti ń sọ̀rọ̀, lójú àwọn ìyá, ìwà ni ó sì ń bá wí, títí kan ìwà àwọn alágbára. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kéde ní 2001 pé ohun àjogúnbá gbogbo ayé ni kò kọ́ ẹnikẹ́ni láti kó ogún lé ọmọ kan lórí nítorí ibi tí wọ́n bí i sí.

Ọwọ́ àwọn àgbà ni àtúnṣe ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn ilé ọba àti àwọn baálé fòfin de ọ̀rọ̀ náà nínú ìjà oyè, kí ẹni tí ó bá sọ ọ́ ní ìpàdé ẹbí san owó ìtánràn níbẹ̀ gan-an. Nígbà ìsinmi, tí àwọn ọmọ bá ti ìlú ńlá dé, kí wọ́n gbọ́ ìtàn 1886 tán pátápátá, àti ti ìgbèkùn pẹ̀lú, kì í ṣe ti Akaba Ìdẹ̀nà nìkan. Kí àwọn ìyá àgbà sì tún padà sí kíki ọmọ ní oríkì láàárọ̀ kí ó tó lọ sílé-ìwé, títí kan ọmọ tí kò ní baba nílé.