Ta Ló Yẹ Kó Rìn: Aláàbọ̀ Ara Ni Tàbí Òṣìṣẹ́ Ìjọba?

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ tẹnu mi lórí ọ̀rọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara ní Èkìtì.

Bí ìjọba tàbí ẹgbẹ́ aláàánú bá fẹ́ pín owó ìrànwọ́, ohun tí a sábà ńgbọ́ ni pé kí wọ́n yọjú sí Adó-Èkìtì, kí a fojú rí wọn. Mo mọ ìdí rẹ̀: àwọn oníjìbìtì pọ̀. Ojú l'ọ̀rọ̀ wà, n kò bá a jà. Ta ni yóò rìn ni mo ńbèèrè.

Mo rí arọ kan tí ọmọ rẹ̀ pọ̀n wá láti Ìlawẹ̀. Wọ́n jókòó sínú oòrùn títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ní kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ kejì. Owó ọkọ̀ ẹni méjì, lẹ́ẹ̀mejì! Aláàárù tó ńjẹ búrẹ́dì, awọ orí rẹ̀ ló ńjẹ. Afọ́jú tó wà ní Ìjerò tí kò ní ẹni tí yóò fà á lọ́wọ́ ńkọ́? Ẹni tí owó náà tọ́ sí jù lọ gan-an ni kò ní lè dé ibẹ̀.

Òfin wà o. Èyí tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní January 2019 ní kí a máa kọ́kọ́ dá aláàbọ̀ ara lóhùn níbi tí èrò bá tò sí. Ó tún ní bí àìlera bá kọjá 180 ọjọ́, kí dókítà kọ ìwé-ẹ̀rí tí kò ní gbèdéke, kí àjọ ìjọba àpapọ̀ sì fọwọ́ sí i. Ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, ṣé ẹsẹ̀ náà yóò hù kó tó di ọdún tó ńbọ̀ tí a ó tún fi ní kó wá?

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Láti 2021 ni PTAD, tó ńsan owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ti bẹ̀rẹ̀ ètò tí àwọn àgbà fi lè jókòó sílé kí wọ́n fi fóònù jẹ́rìí pé àwọn ṣì wà láàyè. Ní Ìlú Ọba náà, nígbà àrùn Kòrónà ní 2020, orí fóònù ni wọ́n ti yẹ àwọn tó ńbèèrè owó aláàbọ̀ ara wò.

Èyí tó bá gba ìfojúrí, kí wọ́n rán nọ́ọ̀sì ìjọba ìbílẹ̀ lọ bá wọn nílé. Ìyẹn gan-an ni yóò mú oníjìbìtì: ẹni tó ńṣe bí arọ l'Adó, àwọn aládùúgbò rẹ̀ mọ̀ pé ó ńfẹsẹ̀ rìn lọ sóko.



Ọmọ Èkìtì,
Adó-Èkìtì.