Ìlàjì Ènìyàn Kì Í Ṣe Ìtàn: Ọ̀rọ̀ Lórí Rótìmí Fani-Káyọ̀dé

Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Bí ọmọ Yorùbá bá gba ẹ̀yẹ lẹ́yìn odi, kíá ni ariwo yóò ti ta nílé pé tiwa ni. Ilé bàbá rẹ̀ yóò di mímọ̀, wọn yóò ki oríkì orílẹ̀ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ yóò sì wọ inú àpẹẹrẹ tí olùkọ́ ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ kan wà tí àwọn àjèjì ti ń so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tí ọ̀pọ̀ ará ilé rẹ̀ sì ń wo ibòmíràn. Rótìmí Fani-Káyọ̀dé ni orúkọ rẹ̀. Ayàwòrán ni, ẹ̀rọ kámẹ́rà ni ó sì fi ṣe iṣẹ́ ọnà. Ìdí tí a kì í fi í gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní kíláàsì Yorùbá kò fara sin fún ẹnikẹ́ni: ọkùnrin ni, ọkùnrin ni ó sì fẹ́ràn, kò sì fi í pamọ́.

Ẹni tó bá gé ènìyàn sí méjì kí ó tó sọ ìtàn rẹ̀ kò tíì sọ ìtàn kankan. Àwọn ará ilé gé ìfẹ́ ọkùnrin yìí sọ nù, wọ́n sì tipa bẹ́ẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀ nù. Lókè òkun ẹ̀wẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ń gbé ìfẹ́ rẹ̀ gẹ̀gẹ̀ bí ẹyin, tí wọ́n sì sọ Yorùbá inú iṣẹ́ rẹ̀ di ẹ̀ṣọ́ ara ògiri. Ìṣìnà ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ti ilé ló dunni jù, nítorí ilé ló ni ọmọ.

Ta ni Fani-Káyọ̀dé? Èkó ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1955. Ìdílé ńlá láti Ilé-Ifẹ̀ ni ìdílé rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Olóyè Rẹ̀mí Fani-Káyọ̀dé, jẹ́ agbẹjọ́rò àti olóṣèlú tó di igbákejì olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà lábẹ́ Olóyè S. L. Akíntọ́lá, ó sì jẹ oyè Balógun Ifẹ̀. Nígbà tí àwọn ológun fi ìbọn gba ìjọba ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1966, nǹkan yí padà. Ìdílé náà kó lọ sí Ìlú Ọba, wọ́n sì tẹ̀dó sí Brighton. Ọmọ náà kò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ nígbà náà. Ní 1976 ó kọjá sí Amẹ́ríkà, ó kẹ́kọ̀ọ́ ètò ọrọ̀ ajé àti iṣẹ́ ọnà ní Yunifásítì Georgetown, ó parí ní 1980, ó tún lọ sí Pratt Institute ní New York, ó sì gba oyè kejì níbẹ̀ ní 1983. Ọdún yẹn náà ni ó padà sí London. Ọdún mẹ́fà péré ni ó fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí ọlọ́jọ́ tó dé ní oṣù Kejìlá ọdún 1989. Ẹni ọdún 34 ni.

Láàárín ọdún mẹ́fà yẹn, iṣẹ́ rẹ̀ kò kéré. Ní 1988, ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán aláwọ̀ dúdú sílẹ̀ ní London, ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí Autograph títí di òní, òun ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi ṣe alága. Ó kọ àròkọ kan tí ó pe àkọlé rẹ̀ ní «Traces of Ecstasy». Nínú rẹ̀ ni ó ti ṣàlàyé pé ọ̀nà mẹ́ta ni òun fi jẹ́ ará ìta: nínú ìfẹ́ tí òun ń ní, nínú jíjìnnà sí ilẹ̀ àti àṣà tí a ti bí òun, àti ní ti pé òun kò di ọmọwé oníṣẹ́ iyì tó gbéyàwó gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣeé ṣe kí àwọn òbí òun máa retí. Ẹ kíyè sí i pé òun fúnra rẹ̀ kò ya ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nípá. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni ó kà wọ́n, ní ẹsẹ̀ kan náà.

Ẹ wá wo iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1987 ó ya àwòrán kan tí ó pè ní «Sonponnoi». Ara ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ni ó wà níbẹ̀, a kò rí orí rẹ̀, àmì tó-tò-tó funfun àti dúdú bo ara náà, ó sì mú àbẹ́là mẹ́ta tó ń jó dání. Ará London tó bá wo àwòrán yìí yóò rí ọ̀dà lára ènìyàn. Ọmọ Yorùbá tó bá mọ ilé yóò rí Ṣọ̀pọ̀ná. Yóò rántí pé òrìṣà tí a kì í ṣàdédé pe orúkọ rẹ̀ ni, pé Olóde ni à ń pè é, tàbí Ilẹ̀gbóná, tàbí Ọba. Yóò rántí pé ẹni tí àrùn náà bá pa, a kì í sin ín bí a ti ń sin òkú yòókù, àwọn aláwòrò ni wọ́n máa ń gbé e lọ, tí ilé kò sì gbọdọ̀ sunkún. Àrùn ilẹ̀gbóná ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo ayé, ìkéde rẹ̀ sì wáyé ní 1980. Kí ló dé tí ọmọ Ifẹ̀ kan fi tún pe òrìṣà yìí jáde ní London ní 1987? Ìgbà náà ni àrùn éèdì ń pa àwọn ọkùnrin bíi tirẹ̀, tí àwọn ènìyàn ń sá fún aláìsàn, tí wọn kò fẹ́ pe orúkọ àrùn náà. Ẹni tó bá mọ àṣà Yorùbá nìkan ló lè fi ojú méjèèjì ka àwòrán náà. Ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ ti pàdé ìrora rẹ̀ nìyẹn. Bí a bá yọ Yorùbá kúrò nínú rẹ̀, ọ̀dà ló kù. Bí a bá yọ ìfẹ́ rẹ̀ kúrò, àpèjúwe òrìṣà lásán ló kù.

Bí òwe bí òwe là ń lùlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ló ń jó o, ọ̀mọ̀ràn ló ń mọ̀ ọ́n. Àwọn ọ̀mọ̀ràn ìlù yìí wà ní Ifẹ̀, ní Ìbàdàn, ní Ìjẹ̀bú, ní Ọ̀yọ́, nínú àwọn kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìtàn òrìṣà. Àwọn ni wọ́n dákẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn àjèjì fi ń jó ìlù tí wọn kò gbọ́ èdè rẹ̀. Tate ní London ní iṣẹ́ rẹ̀ ní ìpamọ́, Wexner Center ní Columbus, ní Amẹ́ríkà, sì ṣe ìpàtẹ ńlá fún un ní 2024. Ohun ìwúrí ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún wọn ohun tí Olóde jẹ́ nílé bí àwọn onílé bá ti ilẹ̀kùn?

Ìdáhùn tí a máa ń gbọ́ ni pé irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àṣà Yorùbá, pé òyìnbó ló kó o wá. Ọ̀rọ̀ yìí yẹ kí a fi ìtàn wọ̀n. Òfin tí ó sọ ìbálòpọ̀ akọ àti akọ di ẹ̀ṣẹ̀ ìjọba nílẹ̀ wa, kò jáde láti ààfin Aláàfin tàbí ti Ọọ̀ni. Ọdún 1533 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀ lásìkò Ọba Henry Kẹjọ. Ìwé òfin ọ̀daràn tí wọ́n ṣe ní Queensland, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ní 1899 ni ìjọba amúnisìn mú wọ Àríwá Nàìjíríà ní 1904, tí wọ́n sì nà án dé gbogbo Nàìjíríà ní 1916. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Ìlú Ọba fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn náà ní 1967, Nàìjíríà ti gba òmìnira, ṣùgbọ́n okùn náà wà lọ́rùn rẹ̀ síbẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin mìíràn tí ó tún fún un le sí i.

Ìjọba amúnisìn yìí kan náà ló fòfin de ìsìn Ṣọ̀pọ̀ná ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Bí a bá ń kọ́ni ní ìtàn ìyẹn, a máa ń bínú pé òyìnbó tẹ àṣà wa mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá dé orí òfin kejì tí ó ti ọwọ́ kan náà wá, a ó ní àṣà wa ni. Báwo ni ọwọ́ kan ṣe lè jẹ́ ti olè ní òwúrọ̀, kí ó di ti bàbá ẹni ní ìrọ̀lẹ́?

Èyí kò wá túmọ̀ sí pé kí a lọ hun ìtàn tí kò sí. Àwọn kan wà tí wọ́n rí ẹlẹ́gùn Ṣàngó tó dirun bí obìnrin, tó wọ aṣọ obìnrin, tí à ń pè ní ìyàwó òrìṣà, tí wọ́n sì sáré kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀rí ìfẹ́ akọ sí akọ nìyí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìyàwó òrìṣà ni, bí ẹṣin ti jẹ́ ti ẹni tó ń gùn ún. Ọ̀rọ̀ ìjọsìn ni, kò sọ ẹni tí ẹlẹ́gùn náà ń bá sùn nílé. Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Bí a kò bá fẹ́ kí wọ́n gé ìtàn kúrú, a kò gbọdọ̀ fà á gùn. Anfààní Fani-Káyọ̀dé nìyí: kò sí àbá nínú ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí a mọ ilé rẹ̀ ni, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ẹni tí òun jẹ́ sílẹ̀.

Àtakò kejì ni ti ọmọ. Wọ́n ní bí a bá sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé irú ènìyàn báyìí gbé ayé rí, a ti kọ́ ọ ní ìwà. Ó yani lẹ́nu pé olùkọ́ Yorùbá lè sọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ka eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá lórí Efúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde tó ń bẹ́ orí ẹrú. Ta ló ti inú kíláàsì bẹ́ẹ̀ jáde lọ bẹ́ orí ẹnikẹ́ni? A ń kọ́ wọn pé Ṣàngó so tàbí pé Ọba kò so, a kò sì bẹ̀rù pé wọn yóò wá okùn. Fani-Káyọ̀dé kò pa ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ràn, ó sì ya àwòrán. Èwo ni ẹ̀rù tiwọn?

Kò pọn dandan kí olùkọ́ gbé àwòrán ìhòòhò wá sí kíláàsì. Ó lè ṣàpèjúwe «Sonponnoi» nígbà tó bá ń kọ́ni ní òrìṣà. Ó lè fi ayé rẹ̀ kọ́ni ní ìtàn àwọn tí ogun òṣèlú 1966 fọ́n ká. Kí ó sì fi gbólóhùn kan sọ pé ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin ni. Gbólóhùn kan péré. Kò bẹ akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó yí ẹ̀sìn rẹ̀ padà. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ìlú Ọba fúnra rẹ̀ ti tọ́ ìdákẹ́jẹ́ yìí wò. Ní 1988, ọdún tí wọ́n dá Autograph sílẹ̀, ìjọba ibẹ̀ ṣe òfin tí a mọ̀ sí Section 28, tí kò jẹ́ kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ṣe ohunkóhun tó jọ ìgbélárugẹ irú ìfẹ́ yìí. Ẹ̀rù ba àwọn olùkọ́, wọ́n panu mọ́. Scotland fagi lé e ní 2000, England àti Wales ní 2003. Láti 2005 ni wọ́n ti ń ya oṣù Kejì sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún ìtàn irú àwọn ènìyàn yìí. Amẹ́ríkà ti ṣáájú wọn ní 1994, ẹni tó sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe gómìnà tàbí ọlọ́rọ̀: Rodney Wilson ni, olùkọ́ ìtàn ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Missouri.

Ṣé àwọn Yorùbá nílò láti yá ọgbọ́n yìí lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni? Oríkì wà nílé. Gbogbo ẹni tó bá mọ oríkì mọ̀ pé kì í ṣe ìyìn nìkan ló wà nínú rẹ̀. Oríkì ń sọ ti ogun tí a ṣẹ́ àti ogun tí a sá fún, ó ń sọ ti ọlá àti gbèsè, ó ń sọ ti ẹni tó tutù àti ẹni tó le. Ẹni tó ń ki ni kì í yan èyí tó wu etí. Ìfẹ́ ọkùnrin yìí kì í ṣe àbùkù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tilẹ̀ kà á sí àbùkù, kò rí àṣẹ gbà nínú oríkì láti gé e kúrò.

Ohun tó wà nílẹ̀ ju ọ̀rọ̀ òkú lọ. Nínú kíláàsì tí ogójì ọmọ jókòó sí, ọ̀kan lè wà níbẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ rí bíi ti ọmọ Ifẹ̀ yẹn. Èébú nìkan ni ó ti gbọ́ nípa ara rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti gbọ́ èdè Yorùbá. Wọ́n ti sọ fún un pé àjèjì ni nínú ilé bàbá rẹ̀. Bí ó bá gbọ́ lẹ́nu olùkọ́ pé ẹnìkan bẹ́ẹ̀ ti wà, pé ó mọ Ṣọ̀pọ̀ná, pé ó mú òrìṣà ilé rẹ̀ dé inú gbọ̀ngàn London, yóò mọ̀ pé èdè yìí ní àyè fún òun. Bí kò bá gbọ́, ọ̀nà àtilọ ni yóò máa wá, èdè náà yóò sì pàdánù ọmọ kan sí i.

Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Olúwarótìmí ni orúkọ tí ilé sọ ọ́. Iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá ni láti pe orúkọ náà jáde, kí ó sì pè é tán.