Ta Ló Wó Màrókò?

Ní oṣù Keje ọdún 1990, nígbà tí Raji Rasaki jẹ́ gómìnà ológun l'Ékòó, ìjọba kó katakata lọ wó àdúgbò Màrókò. Àìmọye ẹbí di aláìnílé. Ẹni tó bá gbọ́ èyí mọ ẹni tó ṣe é, ó sì mọ ẹni tí ìyà jẹ.

Ẹ wá gbé e fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ ní yunifásítì. Wọ́n á pè é ní “ìṣípòpadà àwọn olùgbé lábẹ́ ìlànà àtúntò ìlú.” Gómìnà ti pòórá, katakata ti pòórá, ìyálọ́mọ tó gbẹ́rù sórí láì mọ ibi tó ń lọ náà ti pòórá. Ká ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ kàn ń súni ni, ǹ bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n ó ń bo ẹlẹ́ṣẹ̀ láṣìírí.

Michael Billig, tó kọ́ni ní Loughborough nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ọ́ gbangba nínú ìwé tó kọ lọ́dún 2013: àwọn ọ̀mọ̀wé ń to ọ̀rọ̀-orúkọ ràgàjì léra, ọ̀rọ̀-ìṣe á di àwátì, olùṣe á sì bá a lọ. Ẹjọ́ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Lọ́dún 1959, C. Wright Mills ará Amẹ́ríkà mú ìwé The Social System tí Talcott Parsons ti Harvard kọ, ó sì tún àwọn àyọkà gbọọrọ inú rẹ̀ kọ ní ìlà mélòó kan péré. Lẹ́yìn tó sẹ́ ẹ tán, èèpo ló pọ̀ jù.

Kí ló dé tí wọn ò jáwọ́? Ẹ̀rù ni. Howard Becker, tó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Northwestern bí a ṣe ń kọ̀wé, ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1986: wọ́n ń bẹ̀rù pé bí ọ̀rọ̀ àwọn bá yéni jù, wọn ò ní ka àwọn sí ọ̀mọ̀wé. Mi ò dá akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́bi. Ọ̀gá tó ń fa ìlà pupa sábẹ́ gbólóhùn tó yéni yékéyéké ni mo bá wí.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀mọ̀wé lè kọ̀wé kó yéni. Iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé tí N. A. Fádípẹ̀ ṣe nípa àwa Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1939, tí wọ́n tẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1970 lẹ́yìn ikú rẹ̀, sọ bí a ṣe ń gbéyàwó àti bí a ṣe ń pín ilẹ̀, ní Gẹ̀ẹ́sì tí ẹni tó ka ìwé mẹ́wàá lè bá a jiyàn. Bàbá kan lè ní, “Kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa n'Íjẹ̀bú.” Àríyànjiyàn yẹn gan-an ni mo ń fẹ́. Ẹni tí a lọ bá nílé fún ìwádìí, tó gbé àga fún wa, tó dáhùn gbogbo ìbéèrè wa, ó ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ohun tí a kọ nípa rẹ̀, kó sì sọ pé irọ́ ni. Kí yunifásítì tó fún ẹnikẹ́ni lóyè, ẹ jẹ́ kí onítọ̀hún kọ́kọ́ ka orí kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ sétí irú ẹni tó dá a lóhùn bẹ́ẹ̀.