Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ọ̀rọ̀ kan ń bí mi nínú. Láàárín àwa Yorùbá níbí ní Àbújá, bí ẹnì kan bá ta jíìpù ńlá tó ń gùn, tó fi ra ọkọ̀ kékeré, kí la máa ń sọ? "Ẹ bá mi gbàdúrà fún Bọ̀dá yẹn o, nǹkan ò rọgbọ fún wọn mọ́." Àwọn mìíràn á ní ẹ̀mí ìfàsẹ́yìn ló wọ ilé rẹ̀. Irọ́ ni! Ìṣirò ni ọkùnrin náà ṣe.

Ẹ jẹ́ kí àwa náà ṣe é. Kó tó di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà epo bẹntiróòlù kan kò tó 200 náírà ní ilé epo NNPC. Ní oṣù Keje ọdún yẹn, ó di 617. Nígbà tó fi di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti lé ní 1,000. Jíìpù onísílíńdà mẹ́jọ lè mu bíi lítà 15 kó tó rin 100 kìlómítà. Ọkọ̀ onísílíńdà mẹ́rin bíi Corolla lè fi bíi 9 rìn ín. Ẹni tó ń ti Kubwa wọ ìgboro lọ síbi iṣẹ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ rin 100 kìlómítà náà láàárín ọjọ́ méjì. Bí lítà kan bá jẹ́ 1,000 náírà, ìyàtọ̀ epo nìkan lè tó 60,000 lóṣù. Bẹ́ẹ̀ 70,000 ni owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba fọwọ́ sí lọ́dún 2024! A ò tíì ka táyà, a ò tíì dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì.

Ẹ lè ní, "Olùṣọ́-àgùntàn, ọ̀nà Lọ́kọ́jà ńkọ́, nígbà tá a bá ń lọ sílé fún Kérésìmesì?" Òótọ́ ni, ọ̀nà ò dára. Ṣùgbọ́n ta ló ń wọ ẹ̀wù òtútù láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá, nítorí pé ọyẹ́ máa ń fẹ́ nígbà Kérésì? Bí ẹbí yín bá pọ̀, tówó sì wà, ẹ máa gun jíìpù yín, kò sẹ́ṣẹ̀ ńbẹ̀. Èyí tó wà nílẹ̀ láìsí epo, tí wọ́n ń fọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, tí wọ́n sì ń lé ọmọ olówó rẹ̀ kúrò nílé ìwé, òun ni mò ń bá wí.

Ta ló sọ fún yín pé ohun tó bá dín kù, Ọlọ́run ò sí nínú ẹ̀? Ẹ ka Àwọn Onídàájọ́ orí 7. Ẹgbẹ̀rún 32 ọmọ ogun ni Gídíónì kó jọ. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló dín wọn kù, títí wọ́n fi ku 300, àwọn 300 yẹn ló sì ṣẹ́gun.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi náà kò mọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni jíìpù. Ìjọ náà jẹ nínú ẹ̀. Ẹni tó ra ọkọ̀ ńlá ń jẹ́rìí, a sì ń jó. Ẹni tó tà á, tó fi san gbèsè, kò sẹ́ni tó pè é síwájú pẹpẹ. Nínú ọgbà wa pàápàá, jíìpù ni wọ́n ń darí sábẹ́ igi. Ọkọ̀ kékeré á lọ sínú oòrùn lẹ́yìn. Jákọ́bù orí 2 bá irú ìwà yìí wí. Ṣé ó wá yà yín lẹ́nu pé àwọn kan ta ọkọ̀ wọn tán, wọn ò wá sílé Ọlọ́run mọ́? Ojú wa ni wọ́n ń sá fún, kì í ṣe ojú Ọlọ́run.

Nítorí náà, bí jíìpù náà bá ti ju apá yín lọ, ẹ tà á nígbà tó ṣì ń rìn, kí gbèsè má baà mú yín tà á lọ́pọ̀. Ẹ san owó ilé ìwé. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọkọ̀ kékeré yín wá sí ìsìn ìdúpẹ́, kí ẹ sì jẹ́rìí. Ẹ̀yin tó ń darí ọkọ̀, ẹ fi í sábẹ́ igi.